Ẹ Jẹ́ Ó Tutù Ná

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi kúrò ní Ìmọ̀tà,
èmi àti Olúgbódi ọmọ mi.
Ìwé báńkì wà nínú yẹ̀rì, mo fi abẹ́rẹ́ gán an.

Ṣọ́ọ̀bù Orégún, gíláàsì ni ògiri rẹ̀,
inú ẹ̀ tutù bí àárọ̀ ọyẹ́.
Katakata kékeré jókòó lórí táìsì,
ó pupa fòò, bí ìyàwó tí wọn ò tíì rán níṣẹ́.
Ọmọkùnrin tó de táì kí mi dáadáa,
ó wá kọ̀yìn sí mi,
ó dojú kọ Olúgbódi:
"Ọ̀gá, agbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹ̀."
Olúgbódi tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòròdú,
tí kò mọ ìyàtọ̀ ebè sí poro,
ń mi orí bí àgbà àgbẹ̀.
Èmi ni mo dáhùn:
"Ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Kí ni gbogbo wọn ń jẹ lóòjọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. N ò bá a rín in.
Ó ní epo dísù ni. Mo ní lítà mélòó?
Ó ní kí òun lọ bi ọ̀gá òun.
Nígbà tó dé, iye owó ló gbé dé.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òtútù inú ilé náà,
òun ni ò jẹ́ kí n làágùn lójú wọn.

Ogójì ọdún ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ́.
Ọkọ tó ra ọkọ́ náà fún mi ti lọ.
Ọkọ́ ò lọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pààrọ̀ èrúkọ́;
ẹ̀yìn mi nìkan ni wọn ò ta àrọ́pò rẹ̀ lọ́jà.

Owódé Onírin ni a tún gbà lọ.
Ibẹ̀, ilẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó.
Raṣáàkì ní ká wá wo tòun, aláwọ̀ búlúù,
ọ̀dà àná lórí ìpẹtà èṣí.
"Màmá, bàbá kan ní Jàpáànù ló ń lò ó,
ọgbà òdòdó ló fi ń ro."
Kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́,
mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì,
bí ẹni tó ń yẹ ibà wò lára ọmọ.
Ó gbóná.
"Raṣáàkì, ta ló ti bá mi jí ọmọ yìí?"
Ó ní oòrùn ni.
Olúgbódi gbójú sókè. Èmi náà gbójú sókè.
Òjò ló ṣú, láti ìdájí ló ti ṣú.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ó tutù ná."
Mo jókòó lórí táyà tó dùbúlẹ̀,
mo ra ẹ̀pà igba náírà,
mo ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan.
Raṣáàkì lọ, ó bọ̀, ó tún lọ.
Ẹni tó ti fi ọkọ́ ro éékà méjì kì í kánjú.
Nígbà tó tutù tán, tó wá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́,
ẹ̀rọ wúkọ́, ó yọ èéfín dúdú, ó dákẹ́.
Ó tún wúkọ́.
Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀rọ kejì.
Obiọ́rà rá jáde, ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́,
Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń tàsé àmì, kò tàsé ọ̀rọ̀.
Ó mú wa lọ sẹ́yìn, síbi ọ̀kan tí wọn ò kùn rárá,
irin lásán, ìjókòó rẹ̀ ya, wọ́n fi okùn rán an.
Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi àmù.
Obiọ́rà ò tíì tan án. Kò tíì dárúkọ owó.
Kò wo Olúgbódi.
Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé kùkùté wà níbẹ̀?"

Láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ilẹ̀.
Mo gbé ẹ̀pà sílẹ̀.
Mo ní, "Méje ni. Jókòó,
jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún ọ."